Ìbéèrè Tí Kò Rí Alábòójútó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka Yorùbá ní yunifásítì ti mọ ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá. "Yorùbá? Èyí tí gbogbo wa ń sọ nílé yìí náà?" Ẹni tó bá láàánú á fi kún un pé a ṣáà lè rí iṣẹ́ ìròyìn kíkà nílé rédíò. Èmi kì í bá wọn jiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè míì wà lábẹ́ ìyẹn tó ń dà mí láàmú: ohun tí àwọn bàbá ńlá wa sọ, tí wọn ò kọ sílẹ̀, ṣé ó ṣe é pè ní ìrònú, àbí ìtàn àti orin lásán ni? Obìnrin kan wà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí. Kì í sì í ṣe Yorùbá ló ń kọ́ni o, fìlọ́sọ́fì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Bọ́sẹ̀dé Olúwọlé ni orúkọ rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí ewì sinmi díẹ̀.

Ìgbárà-Òkè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1935. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orúkọ, ẹ dúró níbí ná. Bọ́sẹ̀dé là ń pe ọmọbìnrin tó bá ọ̀sẹ̀ wọlé, ọmọ ọjọ́ Àìkú. Sophie ní tirẹ̀, inú èdè Gíríìkì ló ti wá: sophia ni wọ́n ń pe ọgbọ́n, òun náà ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ fìlọ́sọ́fì, ìfẹ́ ọgbọ́n. Mi ò ní sọ pé orúkọ ló rò ó. Sophie mélòó ni kò ka fìlọ́sọ́fì! Ṣùgbọ́n akéwì ni mí, ẹ jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò gba ọ̀nà tààrà dé ibi tó dé. Iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ kọ́. Ní 1963 ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Moscow, láti ibẹ̀ wọ́n kọjá sí Cologne ní Jámánì. Nígbà tó padà wálé, ó wọ Yunifásítì Èkó ní 1967. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹni ọdún 32, tó ti gbé ìlú òyìnbó méjì, ló wá jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì. Nígbà ìyanṣẹ́lódì 2022, tó gba oṣù mẹ́jọ gbáko, tí gbogbo wa ń ka ọdún orí wa bí ẹni ń ka gbèsè, mi ò tíì mọ ìtàn yìí. Ì bá ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Ó gba oyè B.A. ní 1970, lẹ́yìn náà ni yunifásítì yẹn kan náà gbà á síṣẹ́ olùkọ́.

Ohun kan wà ní ọdún wọ̀nyẹn tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni tọ́ka sí fún wa ní dìpátímẹ́ǹtì. Ní Yunifásítì Èkó yìí kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Wándé Abímbọ́lá gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹsẹ Ifá. Lítíréṣọ̀ Yorùbá ni wọ́n kà á sí. Ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde ní 1976, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la ti dà á kọ rí. Ifá ti wọ yunifásítì nígbà yẹn nìyẹn, àmọ́ ẹnu ọ̀nà lítíréṣọ̀ ló gbà wọlé. A lè bi í léèrè nípa àfiwé, nípa àwítúnwí, nípa ìṣọwọ́lo-èdè. Ẹni tó bá fẹ́ bi í bóyá òótọ́ ni ohun tó sọ, tàbí bóyá ìdí tó fi sọ ọ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹnu ọ̀nà míì ló yẹ kó gbà, ẹni díẹ̀ ló sì ń kan ìlẹ̀kùn níbẹ̀.

Sophie Olúwọlé kàn án. Yunifásítì Ìbàdàn ló lọ fún oyè ọ̀mọ̀wé, ohun tó sì kọ́kọ́ fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí ni ìdí tó mọ́gbọ́n dání tí Yorùbá ń rí kí wọ́n tó sọ pé ìwà kan dára, òmíràn burú. Kò rí alábòójútó. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó wà nílẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ kò kan ohun tí àgbà fi ẹnu sọ ní Ìgbárà-Òkè. Ló bá gbé àkọlé yẹn sílẹ̀, ó mú òmíràn: ìlànà tí òyìnbó ń pè ní Golden Rule, pé ohun tó o bá fẹ́ kí èèyàn ṣe sí ọ ni kí ìwọ náà máa ṣe sí ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yìí ló gba oyè fún un ní 1984, tó ń lọ sí ẹni 50 ọdún. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú fìlọ́sọ́fì ní Nàìjíríà.

Ibi yìí ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́. Ṣé ẹ rí i, àkọlé kejì yẹn kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́ tó bí ẹni tó fún un níṣẹ́ ṣe lè rò. Kò sí ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí pé ẹni tó bá máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kó mọ bó ṣe ń dùn. Àwọn onífìlọ́sọ́fì ilẹ̀ wa máa ń mú òwe yìí jáde pé Golden Rule tiwa rèé. Èmi rò pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàyé tèmi ló tẹ̀ lé e yìí o, ẹ má kà á sí ti Màmá lọ́rùn.

Kant, onífìlọ́sọ́fì ará Jámánì, bu ẹnu àtẹ́ lu Golden Rule nínú ìwé rẹ̀ kan tó jáde ní 1785. Ó ní tó bá jẹ́ pé ohun tí mo fẹ́ fún ara mi nìkan ni òṣùwọ̀n, ọ̀daràn lè dojú kọ adájọ́ kó ní, "Ẹ̀yin náà ò ní fẹ́ kí wọ́n sọ yín sẹ́wọ̀n, kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ sọ mí?" Ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ó mú gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ gbé òwe igi ṣóńṣó síwájú adájọ́ kan náà. Òwe náà kò sọ fún un pé kó má gún ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé kó kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń dun ni. Adájọ́ lè ṣe ìdájọ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ ṣe é bí ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ̀wọ̀n jẹ́. Ẹ tún wo ẹni tí wọ́n fẹ́ gún: ọmọ ẹyẹ ni. Kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ mi tó lè gbẹ̀san lọ́la, kì í ṣe aládùúgbò tó lè lọ fẹjọ́ sùn. Ẹyẹ ò lè sọ pé ó ń dun òun, àní kò tíì dàgbà débi tó lè fò lọ. Ẹni tó pa òwe yìí ti ro ọ̀rọ̀ kan já: ohun tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ ló fi dán ìwà wa wò. Tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ìrònú kọ́ nìyẹn, màá ní kó wá sọ ohun tó jẹ́.

Ó yẹ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tó wà lódìkejì, torí wọn kì í ṣe òmùgọ̀, àwọn mìíràn nínú wọn ò sì jìnnà sílé. Ní 1945, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, ọmọ ilẹ̀ Belgium tó ń gbé ní Congo, Placide Tempels, kọ̀wé pé àwọn Bantu ní fìlọ́sọ́fì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀: àwọn báyìí gbà pé báyìí, àwọn báyìí gbà pé báyìí. Paulin Hountondji, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tó kọ́ni ní Cotonou, ló dìde sí wọn nínú ìwé tó fi Faransé kọ, tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1983. Tá a bá fẹ́ sọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́nu tiwa: nígbà tó o bá kọ ọ́ pé "Yorùbá gbà pé", Yorùbá wo? Ṣé gbogbo wọn pátápátá, láti Kétu dé Ìkàrẹ́, tí ẹnì kan ò já wọn ní koro? Níbi tí gbogbo èèyàn ti ń sọ ohun kan náà, kò sí ẹni tó ń ronú níbẹ̀. Fìlọ́sọ́fì ní olórúkọ: lágbájá sọ báyìí, tàmẹ̀dù ní irọ́ ni, ó sì ṣàlàyé ìdí. Ìwé kíkọ ló ń jẹ́ kí àríyànjiyàn yẹn dúró kí ẹlòmíràn lè bá a jà. Peter Bọ́dúnrìn tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn náà kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1981. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí Ìbàdàn fi fún Sophie Olúwọlé ní oyè.

Mo fẹ́ràn ẹjọ́ Hountondji ju bó ṣe yẹ kí ọmọ Yorùbá fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ṣebí àwa náà la máa ń kọ "Yorùbá gbà pé" sínú gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá, tá a bá ti rí òwe kan ṣoṣo gbá mú. Ṣùgbọ́n òwe fúnra rẹ̀ ló ń tú àṣírí wa. Ẹnì kan ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹlòmíràn ní bó ti wù kí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àwọn méjèèjì wà nínú èdè kan náà, wọ́n ń wo ara wọn lójú, kò sì sí ọba kankan tó ní kí ọ̀kan dákẹ́. Ibo ni Yorùbá tó ń fi ohùn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ wá wà? Hountondji pàápàá kò dúró sí ojú kan. Ní 1994 òun ló ṣe olóòtú ìwé kan lórí ìmọ̀ ìbílẹ̀, níbi tí wọ́n ti yẹ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wò bí ohun tó ní láárí. Ó kú ní 2024.

Ọ̀nà kẹta ni Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà, gbà ní Ifẹ̀. Wọ́n lọ bá àwọn oníṣègùn jókòó, wọ́n bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ kan àti òmíràn. Ìwé wọn jáde ní 1986, ọdún méjì lẹ́yìn oyè Màmá. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo mú níbẹ̀: mọ̀ àti gbàgbọ́. Àwọn oníṣègùn ní ohun tí ojú mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, ni mo mọ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí mo gbà, ìgbàgbọ́ ni, ẹ sáà gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pín sí méjì: gbà, gbọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì, ìgbàgbọ́ ni. Mi ò sí ní Athens. Gbogbo ohun tí mo kọ nípa Socrates sínú ìdánwò GST, mo kàn gbà á gbọ́ ni, wọ́n sì fún mi ní B.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti GST yẹn. Ìwé háńdáòtù tí wọ́n tà fún wa bẹ̀rẹ̀ láti orí Thales, ó gba ọ̀dọ̀ Plato àti Aristotle, ó fò dé ọ̀dọ̀ Descartes, ó parí sí Bertrand Russell. Aláwọ̀ dúdú kan ò sí níbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo bèèrè nípa Ifá. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú, ó ní, "Ìyẹn á wà ní dìpátímẹ́ǹtì yín lọ́hùn-ún." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ wá ìwé Sophie Olúwọlé ní láíbìrì.

Kò fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn oyè, òun ló wá gbájú mọ́. Ní 1992 ó tẹ ìwé kan jáde lórí àjẹ́, àtúnwá àti Olódùmarè. Kí ẹ tó sá, kì í ṣe ìwé ẹ̀rù. Bó ṣe yẹ ká yẹ ọ̀rọ̀ wò kí á tó pè é ní òótọ́ tàbí irọ́ ló ń sọ níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990 yẹn kan náà ló kọ ọ̀kan lórí fìlọ́sọ́fì àti ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu. Èyí tí ayé wá mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni Socrates and Orunmila, tó jáde ní 2014, nígbà tó ti lé ní ẹni 75.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti dáhùn. Ẹ ní ẹni tí kò kọ̀wé kì í ṣe onífìlọ́sọ́fì. Socrates kò kọ ìlà kan ṣoṣo. Wọ́n pa á ní Athens ní 399 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n fún un ní májèlé mu, ohun tá a mọ̀ pé ó sọ, ẹnu Plato àti Xenophon àti àwọn díẹ̀ bẹ́ẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Síbẹ̀ òun lẹ̀ ń pè ní baba. Ọ̀rúnmìlà náà kò kọ̀wé, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi orí gba ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n ń gbé e fún ara wọn. Kí ló dé tí ti àkọ́kọ́ fi jẹ́ fìlọ́sọ́fì, tí ti ìkejì fi jẹ́ àwọn àṣà àwọn ará ibẹ̀? Ó wá kó àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, lórí òtítọ́, lórí ìmọ̀, lórí ìṣèlú, lórí obìnrin, ó ní kí òǹkàwé wò ó fúnra rẹ̀.

Mo ka ìwé náà tán, inú mi dùn, inú mi ò sì dùn tán. Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, Plato mọ Socrates lójú, ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Láàárín Ọ̀rúnmìlà àti àwọn tó kọ ẹsẹ Ifá sílẹ̀ lóde òní, ìran mélòó ló wà láàárín? Ohun tó lọ láti ẹnu dé ẹnu fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ṣeé ṣe kí èyí pàápàá jẹ́ ẹwà rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ohun kan náà. Èkejì ló dùn mí jù. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ Socrates ni Ọ̀rúnmìlà gbọ́dọ̀ dúró kí á tó lè wọn gíga rẹ̀? Ẹni tó bá ń fi ọmọ rẹ̀ wé ọmọ aládùúgbò lójoojúmọ́, ó ti gbà pé ọmọ aládùúgbò ni òṣùwọ̀n.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka fìlọ́sọ́fì ló dá mi lóhùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi. Ó ní, "Àwọn wo lò ń bá sọ̀rọ̀? Tó bá jẹ́ àwọn babaláwo ni, wọn ò nílò ìwé náà. Àwọn tó ń ṣètò kọ́ọ̀sì ló ń bá sọ̀rọ̀, Socrates nìkan sì ni wọ́n gbọ́." Òótọ́ ni. Ẹni tó ti wá alábòójútó tì rí mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé iṣẹ́ kan wà tí Socrates ò lè bá wa ṣe, ó sì wà nínú ẹsẹ Ifá fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì ewì alohùn mọ bí ẹsẹ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: orúkọ awo, ẹni tí wọ́n dífá fún, ìṣòro tó gbé wá. Lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n ní kó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ta ló sọ ọ́, ta ló sọ ọ́ fún, kí ló fà á, báwo ló ṣe rí nígbà tí wọ́n dán an wò. Ẹni tó ní Áfíríkà kì í dárúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ǹjẹ́ ó ti ka ẹsẹ kan rí? Ó dáa, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú orúkọ awo wọ̀nyẹn jẹ́ gbólóhùn gígùn, bí oríkì tàbí bí àlọ́, ẹnikẹ́ni ò sì lè mú wọn lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìwé ìrìnnà. Bóyá ènìyàn ni wọ́n, bóyá èrò ni wọ́n sọ di ènìyàn, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tó yẹ kí ẹnì kan ṣe.

Ibi tí mo rò pé Màmá lágbára jù kì í ṣe ibi Socrates. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa ohun méjì-méjì ni. Ó ní nínú ọ̀pọ̀ fìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Yúróòpù, bí nǹkan bá jẹ́ méjì, ìjà ni: ara pẹ̀lú ẹ̀mí, ọgbọ́n pẹ̀lú ìmọ̀lára, ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin, ọ̀kan gbọ́dọ̀ borí. Nínú Ifá, méjì kì í jẹ́ ọ̀tá ara wọn, ọ̀kan ló ń mú èkejì pé. Tibi tire la dálé ayé. Kò fi mọ sí òwe nìkan. Ó ní ká wo irinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní awẹ́ mẹ́jọ, awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojú dé, méjì péré ni. Ẹ fi méjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, 256 lẹ máa rí, ìyẹn ojú odù 16 àti ọmọ odù 240. Kò sí odù tó jẹ́ ṣíṣí nìkan ló wúlò, kò sí èyí tí wọ́n kó dànù. Ó sọ pé ìṣirò yìí náà ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Níbi kọ̀ǹpútà yẹn èmi fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, torí pé kí nǹkan ní ojú méjì kò tíì sọ ọ́ di ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n pé ẹnì kan jókòó, ó to gbogbo ohun tí awẹ́ mẹ́jọ lè sọ, kò fo ọ̀kan, kò sì ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹni yẹn ronú. UNESCO fi Ifá sára àwọn ohun àjogúnbá tó ṣeyebíye ní 2005, bẹ́ẹ̀ Màmá ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Wọ́n wá sọ ọ́ ní Màmáláwo. Bàbá ni wọ́n yọ nínú babaláwo, tí wọ́n fi màmá dípò rẹ̀. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè á ní ìyánífá wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sídìí tí a fi ń dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹ̀rín tó wà nínú rẹ̀ àti ọ̀wọ̀ tó wà nínú rẹ̀ pa pọ̀. Lójú òun, Ifá kì í ṣe ẹ̀sìn tó ń polówó, ibi ìkẹ́rùsí ìmọ̀ ni, ó sì fẹ́ kí Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí wá yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ Plato wò láìbọ Zeus. Ìyẹn ò rọrùn lórí kámpọ́ọ̀sì. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá rí ìwé náà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó wò mí lójú, ó ní, "Bọ̀dá akéwì, ṣé kò sí nǹkan?" Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń bá mi gbàdúrà.

Ní 2017 wọ́n túmọ̀ Socrates and Orunmila sí èdè Dutch, àwọn ará Netherlands sì ń rà á gan-an. Màmá papòdà ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, 2018, lẹ́ni ọdún 83.

Àwọn ìwé rẹ̀ tí mo dárúkọ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ wọ́n, mi ò sì dá a lẹ́bi. Mo ń gbìyànjú láti tú díẹ̀ nínú rẹ̀ sí Yorùbá fún ara mi. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ kékeré kan, ethics. "Ẹ̀kọ́ ìwà" ló yá lẹ́nu. Àmọ́ ìwà lédè wa kì í ṣe ìṣesí nìkan, wíwà ni pẹ̀lú. Ohun tó wà ní ìwà. Tá a bá wá fi Yorùbá kọ àkọlé àkọ́kọ́ tó gbé lọ sí Ìbàdàn, tí kò rí ẹni bójú tó o, ìbéèrè náà á yí mọ́ wa lọ́wọ́: a ò ní bèèrè ìdí tí ìwà yìí fi dára nìkan mọ́, a ó bèèrè irú wíwà tí ẹni tí kò níwà ń wà. Gẹ̀ẹ́sì ò lè bi í bẹ́ẹ̀. Mo ti tú ojú-ewé mẹ́ta, mo ń pa á rẹ́, mo tún ń kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi wò ó, kó wá lọ́jọ́bọ̀ tí ẹgbẹ́ wa bá ń pàdé, kó sì mú fọ́tòkọ́pì tirẹ̀ dání, torí mi ò ní yá ẹnikẹ́ni ní tèmi.